Kámẹ́rà mẹ́jọ, tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta: iṣẹ́ CCTV tí wọ́n ṣe fún wa ní Ìtòkú

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí pé ta ló ṣe kámẹ́rà ṣọ́ọ̀bù wa, mo rí gbogbo mẹ́sééjì yín o. Mi ò kàn fẹ́ fi gbólóhùn kan dáhùn ni, torí iṣẹ́ yẹn dùn mọ́ mi níbì kan, ó sì bí mi nínú níbòmíì, tí mo bá kàn ní ẹ lọ pè wọ́n, tẹ́ ẹ bá débi tó bí mi nínú yẹn, èmi lẹ máa wá bá. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù wọn ò ní jáde níbí, apá Pánṣẹ́kẹ́ ní Abẹ́òkúta níbí ni wọ́n wà, ìyẹn tó. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni mo fẹ́ sọ, bí wọ́n ṣe gbé àwòrán kámẹ́rà mẹ́jọ dórí tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta tó wà níbi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí kálukú sì ń rí èyí tó kàn án.

Ohun tí mo fi ń mọ oníṣẹ́ kámẹ́rà báyìí nìyẹn. Kò sẹ́ni tí ò lè kan kámẹ́rà mọ́ ògiri jàre, dirílì kan, físà mẹ́rin, ó ti parí. Ibi tí iṣẹ́ wà ni ẹni tó máa wo àwòrán: ta ni, ibo ló ń jókòó sí, kí ló fẹ́ rí, wáyà wo ló máa gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ẹni tó ra kámẹ́rà mẹ́jọ tó wá kó gbogbo ẹ̀ sójú tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo tí wọ́n gbé kọ́ sókè níbi tí ẹnikẹ́ni kì í yíjú sí, owó ló ná sí ọ̀ṣọ́ ògiri.

Ṣọ́ọ̀bù àdìrẹ ni tiwa. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ayé àtijọ́ ni, ògiri amọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lójú, tó nípọn débi pé tó o bá ti wọ inú sítọ́ọ̀ fóònù ẹ ò ní gbé nẹ́tíwọọ̀kì mọ́. Ìsàlẹ̀ níwájú la ti ń tajà, kọ́ńtà wà lápá ọ̀tún, sítọ́ọ̀ wà lẹ́yìn, lẹ́yìn sítọ́ọ̀ ni àgbàlá, lópin àgbàlá ni géètì tí ọkọ̀ tó ń kó ẹrù bọ̀ láti Kẹ́mta máa ń gbà wọlé. Màmá, ìyẹn ẹ̀gbọ́n ìyá mi tí wọ́n ni ṣọ́ọ̀bù, yàrá òkè ni wọ́n ń jókòó sí báyìí, orúnkún wọn ò jẹ́ kí wọ́n máa sọ̀ kalẹ̀ lemọ́lemọ́ mọ́. Ẹni mẹ́ta ló wá fẹ́ máa wo kámẹ́rà. Kaṣíà fẹ́ rí ẹnu ọ̀nà àti orí kọ́ńtà níbi tí wọ́n ti ń ka owó. Bàbá gáàdì fẹ́ rí ìta géètì kí wọ́n tó yọ kọ́kọ́rọ́ lápò. Màmá ní tiwọn fẹ́ rí gbogbo ẹ̀, títí kan ọmọ tó ń jẹ ẹ̀pà lórí aṣọ ọlọ́jà.

Kí àwọn ará Pánṣẹ́kẹ́ yìí tó dé, ẹnìkan ti kọ́kọ́ ṣe é. Ọkùnrin yẹn ra sìpílítà HDMI (HDMI ni wáyà tó ń gbé àwòrán lọ sí tẹlifíṣọ̀n), àpótí kékeré kan tó máa ń gba àwòrán kan wọlé tó sì máa ń tú u jáde sí ojú mẹ́rin. Ó fa wáyà HDMI gbọọrọ lọ sí kọ́ńtà, ó fa òmíì lọ sí géètì, ó ní ó ti parí, ó gbowó, ó lọ. Tẹlifíṣọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tàn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwòrán kan náà ni gbogbo wọn ń gbé jáde, torí ẹ̀dà ni sìpílítà ń ṣe, kì í bá ẹnikẹ́ni ṣa nǹkan lọ́tọ̀. Tí Màmá bá tẹ kámẹ́rà sítọ́ọ̀ lókè kó lè kún ojú tẹlifíṣọ̀n, sítọ́ọ̀ náà ló máa kún ti kaṣíà, òun náà ló máa kún ti Bàbá gáàdì, Bàbá á wá géètì wọn tì. Ọjọ́ kan wà tí Màmá ń wo ohun tí kámẹ́rà ti gbà sílẹ̀ lánàá, wọ́n ń wá ìdì kámpálà kan tó sọnù, Bàbá gáàdì nísàlẹ̀ rí ọkọ̀ tó dúró síwájú géètì lójú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sáré dìde, wọ́n lọ ṣí géètì fún ọkọ̀ àná. A rẹ́rìn-ín títí, Bàbá ò rẹ́rìn-ín.

Wáyà yẹn gan-an tún wà ńbẹ̀. HDMI tí ò ní nǹkan tó ń ràn án lọ́wọ́ láàárín, tó bá ti ń kọjá bíi mítà 15, èyí tó pọ̀ nínú wọn ló máa bẹ̀rẹ̀ wàhálà. Láti òkè dé géètì wa sún mọ́ 40. Àwòrán á máa yọ ìràwọ̀ wínníwínní, á ṣókùnkùn, á padà, tí òjò bá rọ̀ kò tiẹ̀ ní padà mọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ tún wá gbọ́ èyí: ìdì kámpálà tí à ń wá yẹn, ọ̀sán ló sọnù, kámẹ́rà ní alẹ́ ni. Ọ̀pọ̀ DVR, ìyẹn àpótí tó ń gba àwòrán kámẹ́rà sílẹ̀, tó ń bọ̀ láti Ṣáínà, aago ibẹ̀ ló bá wá, GMT+8, tiwa níbí sì jẹ́ GMT+1, wákàtí méje gbáko ló fi jìnnà síra. Ọkùnrin yẹn ò yí i. Ẹ wo ẹni tó máa gbé irú àwòrán bẹ́ẹ̀ lọ sí tésàn kó ní òun ní ẹ̀rí.

Ó dáa, àwọn tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyí. Ọ̀gá wọn dé pẹ̀lú ọmọ iṣẹ́ méjì, ó kí Màmá, ó jókòó. Mo rò pé á béèrè iye kámẹ́rà tí a fẹ́, ohun tí gbogbo wọn máa ń béèrè nìyẹn, kí wọ́n lè yára ṣírò owó. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú, ta ni yóò máa wò ó?" Màmá ní, "Èmi ni, àwọn náà sì ni." Ó ní, "Nígbà tẹ́ ẹ bá ń wò ó lókè, kí lẹ fẹ́ kí Bàbá géètì máa rí?" Ibẹ̀ ni Màmá ti gbójú sókè wò ó dáadáa. Ó fa páálí bísíkíìtì kan ya, ó ya ilé wa sẹ́yìn ẹ̀ pẹ̀lú báírò, ó fi àmì sí ibi tí ẹni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń jókòó sí, ó kọ nọ́ńbà kámẹ́rà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fẹ́ rí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, lẹ́yìn náà ló tó ní kí ọmọ iṣẹ́ bọ́ síta kó lọ fi téèpù wọn ilẹ̀.

Ètò tí wọ́n ṣe, mo máa sọ ọ́ bó ṣe yé mi. DVR wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù onírin tí wọ́n kàn mọ́ ògiri yàrá Màmá, ibẹ̀ ni kámẹ́rà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ fa wáyà wọn sí. HDMI ara DVR lọ tààrà sí tẹlifíṣọ̀n Màmá, wáyà kúkúrú báyìí. Màmá ló ni máòsì DVR, ohun tó bá wù wọ́n ni kí wọ́n tẹ̀, kò kan ẹlòmíì mọ́. Fún kọ́ńtà àti géètì, wọn ò gba ojú DVR rárá. Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà àlòkù kan sábẹ́ kọ́ńtà, wọ́n ki káàdì àwòrán tó ní ojú HDMI méjì bọ̀ ọ́ nínú, wọ́n fi wáyà nẹ́tíwọọ̀kì so kọ̀ǹpútà yẹn àti DVR mọ́ switch kan, àpótí tí wáyà nẹ́tíwọọ̀kì ti ń pàdé, wọ́n wá gbé sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ tí ilé iṣẹ́ tó ṣe DVR yẹn fi sílẹ̀ fún oníbàárà sórí ẹ̀. Ojú kan lára káàdì náà lọ sí mọ́nítọ̀ kaṣíà, ojú kejì lọ sí géètì. Nínú Windows, Extend ni wọ́n yàn, kí ojú kọ̀ọ̀kan lè gbé tiẹ̀, kì í ṣe Duplicate, torí tẹ́ ẹ bá lọ yan Duplicate, ẹ ti padà sídìí sìpílítà nìyẹn, owó káàdì ti wọgbó.

Ẹlòmíì á ní ṣebí DVR ní ojú VGA, ojú míì tó ń gbé àwòrán jáde, lẹ́gbẹ̀ẹ́ HDMI, kí ló dé tí wọn ò lo ìyẹn fún kọ́ńtà kí wọ́n má wulẹ̀ ra kọ̀ǹpútà. Èmi náà bi wọ́n, torí ọwọ́ mi ni owó ti ń jáde. Ọ̀gá yẹn ki wáyà bọ VGA lójú mi, ó ní kí n wò ó: ohun tó wà ní HDMI náà ló jáde. Ó ní àwọn DVR kan wà tí ojú méjèèjì ń dá dúró, tí wọ́n lè gbé àwòrán ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tiwa ò sí lára wọn. Ẹ bi ẹni tó ń tà á fún yín kẹ́ ẹ tó sanwó, kó sì fi hàn yín lórí tẹlifíṣọ̀n méjì nínú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu.

Ti géètì, àpótí méjì tí wọ́n ń pè ní HDMI extender ni wọ́n fi ṣe é. Ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, ọ̀kan wà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n Bàbá, wáyà nẹ́tíwọọ̀kì Cat6 kan ṣoṣo ló so wọ́n pọ̀. Mítà 60 ni wọ́n kọ sára tiwa fún 1080p, a ò sì lò tó bẹ́ẹ̀, torí náà ó ṣẹ́ kù dáadáa. Irú tiwa yìí, wáyà gbọ́dọ̀ lọ tààrà láti àpótí sí àpótí, tẹ́ ẹ bá gbà á gba inú switch kọjá kò ní ṣiṣẹ́. Ọmọ iṣẹ́ kan kọ́kọ́ ki wáyà bọ switch, ọ̀gá ẹ̀ kàn wò ó lójú báyìí, ó yọ ọ́.

Ibi tí wọ́n ti mú mi gan-an ni ìgbà tí wọ́n ń pín ojú tẹlifíṣọ̀n. Ojú tẹlifíṣọ̀n Full HD, ìyẹn 1080p yẹn, ní àmì wínníwínní (pixel) 1920 ní ìbú, 1080 ní òró. Tẹ́ ẹ bá pín in sí mẹ́rin, kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan gba 960 sí 540. Ẹ pín in sí mẹ́sàn-án, ó di 640 sí 360. Ẹ pín in sí mẹ́rìndínlógún bí àwọn kan ṣe máa ń ṣe kó lè dà bíi ti báǹkì, 480 sí 270 ló kù fún kámẹ́rà kan, ojú èèyàn nínú ẹ̀ á wá di tóótó, ẹ ò ní mọ̀ bóyá àbúrò yín ni àbí olè. Kámẹ́rà lè jẹ́ olówó ńlá, tí àyè tẹ́ ẹ fún un lójú tẹlifíṣọ̀n bá kéré, owó yẹn ò hàn. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún Màmá ní mẹ́jọ lórí tẹlifíṣọ̀n ńlá, pẹ̀lú ọ̀kan tó tóbi ju àwọn yòókù lọ, wọ́n fún kaṣíà ní mẹ́rin, wọ́n fún Bàbá gáàdì ní méjì péré, ìta géètì àti àgbàlá, gbàgàdà gbàgàdà. Bàbá ò ní láti wọ awò kí wọ́n tó mọ ẹni tó ń kànkùn.

Ohun kan tún wà ńbẹ̀ tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan lórí DVR ń gbé àwòrán méjì jáde, èyí tó kún tí wọ́n ń gbà sílẹ̀, àti èyí tó fúyẹ́ tí wọ́n ń pè ní sub-stream. Tí kọ̀ǹpútà àlòkù bá fẹ́ tú àwòrán kíkún mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà, ńṣe ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í mí helehele, àwòrán á máa já. Wọ́n fi gbogbo ojú kéékèèké sí sub-stream, tí kaṣíà bá tẹ ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì tó fẹ̀, ìgbà yẹn ló máa bọ́ sí èyí tó kún. Látìgbà yẹn kò tíì já.

Ṣé ẹ mọ̀ pé iná ò ṣeé fọkàn tán. DVR tí iná bá lọ tó dé, á dìde fúnra ẹ̀. Kọ̀ǹpútà ò rí bẹ́ẹ̀, èyí tó pọ̀ nínú wọn máa ń dákẹ́ títí ẹnìkan á fi tẹ bọ́tìnì. Tó bá wá jẹ́ òru ni ìnfátà kú tí iná padà dé, Bàbá gáàdì á máa wo tẹlifíṣọ̀n dúdú títí di àárọ̀. Ọmọ iṣẹ́ tó kéré jù nínú wọn, èyí tí ò sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, ló wọnú BIOS, ibi ètò ìdí kọ̀ǹpútà kí Windows tó ṣí, ó wá ibi tí wọ́n kọ AC Power Loss sí, ó yí i sí Power On, ó ní kí Windows máa wọlé fúnra ẹ̀, ó ní kí sọ́fítíwíà máa ṣí fúnra ẹ̀ pẹ̀lú ètò mẹ́rin àti méjì yẹn ní ipò wọn. Ó wá yọ pulọ́ọ̀gì gbogbo ẹ̀ lára ògiri lójú wa, ó káwọ́ gbera, ó wá dá a padà sára ògiri. Gbogbo ẹ̀ padà láì fọwọ́ kàn án. Ká ní kò sí nǹkan míì tí wọ́n ṣe, èyí nìkan, màá sanwó.

Kí n tó gbàgbé, wáyà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ́ni jẹ jù. Kámẹ́rà àgbàlá máa ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀sán, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú báyìí á kú, á tàn, á tún kú. Ọkùnrin àkọ́kọ́ ní kámẹ́rà ló bàjẹ́, ká ra òmíì. Ọ̀gá Pánṣẹ́kẹ́ yìí ò fọwọ́ kan kámẹ́rà o. Ó gé etí wáyà àtijọ́, ó bó rọ́bà ẹ̀, ó fi ẹnu ọ̀bẹ ha irin tẹ́ẹ́rẹ́ àárín. Ó kọ́kọ́ pupa. Ó tún ha á, funfun yọ. "Màmá, ẹ wá wò ó, alumí ni, bàbà ni wọ́n kàn fi pa á lára." Ó ha tiwọn tó kó wá, pupa ni títí wọnú. Ó wá ṣàlàyé pé tí ilẹ̀ bá ṣú, iná pupa tí a ò lè fojú rí tó wà lẹ́nu kámẹ́rà máa tàn kó lè ríran, kámẹ́rà á wá máa fa iná ju ti ọ̀sán lọ, bẹ́ẹ̀ alumí tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn bẹ́ẹ̀ ò lè gbé e, bí omi tánkì tó ń gba inú họ́ọ̀sì tóóró, nígbà tó bá máa fi dé ìdí ọ̀hún ó ti di tó-tó-tó. Ó fi mítà tó ń wọn iná hàn mí: fólítì 12 ló kúrò nídìí àpótí iná, kò pé 10 tó dé ara kámẹ́rà. Wọ́n fa wáyà àwòrán RG59 tó ní wáyà iná méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, bàbà gidi, kámẹ́rà àtijọ́ yẹn kan náà ló ń ṣiṣẹ́ títí dòní. Owó kámẹ́rà tuntun tí a fẹ́ ná dúró sápò Màmá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ lo kámẹ́rà IP tó ń gba iná lórí wáyà nẹ́tíwọọ̀kì, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín jù tèmi lọ. PoE lásán, èyí tí wọ́n ń pè ní 802.3af, wáàtì 15.4 ló ń ti ẹnu switch jáde, wáàtì 12.95 ni wọ́n retí kó dé ara kámẹ́rà, mítà 100 sì ni òpin wáyà. Gbogbo ìṣírò yẹn, wáyà bàbà ni wọ́n fi ṣe é. Ẹni tó bá tà yín ní páálí Cat6 ní owó tó já wálẹ̀ jù, ẹ ní kó mú ọ̀bẹ wá.

Wáyà géètì fún wọn ní wàhálà, àmọ́ ẹ̀bi tiwọn kọ́, ti Abẹ́òkúta ni. Wọ́n ní àwọn máa gbẹ́lẹ̀ sin páìpù gba àgbàlá kọjá kí ọkọ̀ lè máa gùn ún kọjá láì já nǹkan. Wọ́n gbẹ́ ẹ díẹ̀, dígà lu òkúta, wọ́n sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, òkúta. Màmá ń wò wọ́n lókè, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, abẹ́ kí lẹ rò pé ìlú yìí wà?" Wọ́n kó páìpù gba ara ògiri fẹ́ǹsì, ó yípo, ó jẹ wáyà sí i, wọ́n sì gba owó ẹ̀. Ẹnìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ń sọ pé ká lo kámẹ́rà wáyálẹ́ẹ̀sì, kí la tún ń fa wáyà fún. Ẹni tó mọ ògiri amọ̀ ayé àtijọ́ ò ní sọ bẹ́ẹ̀.

Nítorí pé irin ni géètì, tó sì fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, kámẹ́rà tí wọ́n kàn mọ́ ọn lára kọ́kọ́ ń gbé ìlà fẹ̀ẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan tó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ lójú àwòrán, tó bá dé òkè á tún bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀. Ground loop ni wọ́n pè é, ìyẹn iná díẹ̀ tó ń gba ilẹ̀ àti ara wáyà kámẹ́rà yípo. Wọ́n fi rọ́bà ya kámẹ́rà kúrò lára irin géètì, wọ́n fi àpótí kékeré kan sí ìdí wáyà ẹ̀ lókè, ìlà yẹn lọ. Wọn ò tún jẹ́ kí wáyà kámẹ́rà bá wáyà iná ilé rìn pọ̀ nínú páìpù kan náà, ibi tí wọ́n bá ti fẹ́ pàdé, wọ́n á gbé ọ̀kan dábùú èkejì. Gbogbo wáyà ni wọ́n fi téèpù funfun kọ nọ́ńbà sí lórí méjèèjì. Èyí kéré lójú, àmọ́ ẹ lọ wo ẹ̀yìn DVR ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kẹ́ ẹ wá sọ fún mi.

Lórí tẹlifíṣọ̀n Màmá, wọ́n tan gbogbo ẹ̀ tán, Màmá ní, "Ta ló gé orí aago mi?" Lóòótọ́, wákàtí tó yẹ kó hàn lókè àwòrán, ìdajì ẹ̀ ti wọ abẹ́ etí tẹlifíṣọ̀n. Tẹlifíṣọ̀n ilé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń fẹ àwòrán díẹ̀ kó lè kọjá etí. Ẹ wá ibi ìwọ̀n àwòrán nínú menu, àwọn kan ń pè é ní Just Scan, àwọn kan ní Screen Fit, ẹ yàn án, etí á padà. Wọ́n fi kámẹ́rà sí 50Hz torí iná tiwa 50Hz ni, kí ìmọ́lẹ̀ gílóòbù gbọọrọ inú ṣọ́ọ̀bù má baà máa ṣẹ́jú lójú àwòrán. Wọ́n tún aago ṣe.

Páswọ́ọ̀dù ni wọn ò ṣe dáadáa. Wọ́n fi tiwọn sí i, èyí tí mo mọ̀ dájú pé òun náà ni wọ́n ń fi sí ti gbogbo èèyàn, mo ní kí wọ́n yí i lójú mi, ọ̀gá yẹn kọ́kọ́ ń rojọ́ pé bí a bá gbàgbé ńkọ́. Mo ní a ò ní gbàgbé. Ní 2016, ètò kọ̀ǹpútà burúkú kan tí wọ́n ń pè ní Mirai wọ inú kámẹ́rà àti DVR lóríṣiríṣi káàkiri ayé torí pé páswọ́ọ̀dù tí ilé iṣẹ́ fi sí i ló ṣì wà ńbẹ̀, wọ́n kó wọn jọ ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, wọ́n fi wọ́n kọlu íntánẹ́ẹ̀tì débi pé Twitter àti Netflix ò ṣí fún ọ̀pọ̀ èèyàn ní Amẹ́ríkà. Kámẹ́rà Ìtòkú ò ní bá wọn lọ irú ẹ̀.

Ibi ìpamọ́ àwòrán: kámẹ́rà kan tó ń kọ 4Mbps, ìyẹn ìwọ̀n dátà tó ń kọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, máa jẹ nǹkan bíi 43GB lóòjọ́, mẹ́jọ á jẹ tó 346GB, háàdì 2TB ò ní pé ọjọ́ mẹ́fà tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ sórí ti àtẹ̀yìnwá. Wọ́n yí i sí H.265, ọ̀nà tí wọ́n fi ń fún àwòrán pọ̀ kó má gba àyè, ní 2Mbps, wọ́n fi 4TB sí i, ó ń lọ sí bí ọjọ́ 23. Ẹni tó ní ọjà bíi tiwa, tó jẹ́ ìparí oṣù lẹ máa ń ka aṣọ, kò gbọdọ̀ gba ọjọ́ mẹ́fà.

Ohun kan tí mo yìn wọ́n fún tí mi ò retí, igun tí àwọn obìnrin ti máa ń dán bùbá wò nínú ṣọ́ọ̀bù, wọn ò kọjú kámẹ́rà sí i, kámẹ́rà tó wà nítòsí ibẹ̀, wọ́n fi dúdú bo apá yẹn nínú DVR kó má baà gbà á sílẹ̀ rárá. Èyí tó kọjú síta náà, wọ́n gé ẹnu ọ̀nà ará ilé òdìkejì kúrò. Òfin ààbò dátà ti 2023 wà, àwòrán ojú èèyàn wà lára ohun tó ń sọ. Wọ́n tún ní ká lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà pé kámẹ́rà wà. A kọ ọ́ ní Yorùbá.

Ó wá ku ibi tó bí mi nínú. Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó dé, ẹ sáà ti mọ̀ wọ́n, "à ń bọ̀ ní Sápọ́n" nígbà tí wọn ò tíì kúrò nílé. Owó páìpù àti trunking, ìyẹn ike tí wọ́n ń kó wáyà sí lára ògiri, ò sí nínú iye tí wọ́n kọ́kọ́ kọ fún wa, ìgbà tí iṣẹ́ dé ìdajì ni wọ́n mú un wá, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti wọn ilé kí wọ́n tó kọ iye náà. Ẹni tó bá fẹ́ pè wọ́n, kó ní kí wọ́n kọ wáyà, páìpù, físà, gbogbo ẹ̀ sínú ìwé kan kó tó san kọ́bọ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni eruku. Wọ́n lu ògiri amọ̀ lókè àgbékà tí àdìrẹ ẹlẹ́kọ wà, wọn ò ní ká kó o kúrò, wọn ò sì ta nǹkan bò ó, ẹrẹ̀ pupa gbígbẹ dà sórí aṣọ tí wọ́n ti rẹ láró tán, tí wọ́n ti lù tán, tó ń dán. Èmi àti ọmọ ìṣọ́ọ̀bù la gbọ̀n ọ́n títí alẹ́. Ọ̀gá wọn bẹ Màmá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, Màmá dárí jì í, wọ́n tiẹ̀ tún fún àwọn ọmọ yẹn lówó mótò, èmi ò tíì dárí jì wọ́n.

Tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ pè wọ́n lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ pè wọ́n, iṣẹ́ wáyà wọn mọ́, ẹ kàn kó ọjà yín kúrò nílẹ̀ kí wọ́n tó tan dirílì. Kẹ́ ẹ sì di owó díẹ̀ mú títí wọ́n á fi palẹ̀ mọ́, torí ihò méjì tí ọkùnrin àkọ́kọ́ lu gba ògiri sítọ́ọ̀, tí wọ́n ní àwọn máa bá wa dí, owó sìmẹ́ńtì ẹ̀ wà nínú ohun tí a san, bí mo ṣe ń tẹ èyí báyìí mo ń wo kọ́ńtà láti inú ọ̀kan nínú wọn.